Gold Wing ńlá àbí Shadow 750: èwo ló yẹ ẹni tó ń gbé Kubwa?

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbà mí nímọ̀ràn o. Kubwa l'Àbújá ni mò ń gbé, Central Area ni ibi iṣẹ́ mi wà. Ọmọ ọdún 43 ni mí, Bajaj ni mo gùn títí nígbà tí mo wà n'Ílọrin, mi ò ní páwà báìkì, àwọn ọ̀kadà ńlá yìí, rí láyé mi. Owó ti wà nílẹ̀ báyìí, máṣíìnì méjì lojú mi sì wà lára wọn. Ọ̀kan ni Honda Gold Wing 1800, tòkunbọ̀, 2008, ó ní rédíò, ó ní bọ́ọ̀sì (àpótí ẹrù) mẹ́ta lẹ́yìn, àga ẹ̀ dà bí àga pálọ̀. Ìkejì ni Honda Shadow 750, tòkunbọ̀ náà, 2009, ó kéré sí i, ó mọ́ tónítóní, owó ẹ̀ ò tó ìdajì ti àkọ́kọ́. Ìyàwó mi ní tí mo bá ra kékeré òun ò ní bá mi jókòó lé e. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ẹni tó bá ra kékeré, kí ọdún tó yí po á ti tà á, á lọ ra ńlá, kí n kúkú ra ńlá kọjá síbẹ̀. Mo máa ń lọ Ìlọrin bí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún. Èwo ni kí n mú? Ẹ má bú mi o.

* * *

Kò sẹ́ni tó máa bú ẹ, àbúrò. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí mo ti ń bọ̀ kó o lè mọ bó o ṣe máa gbọ́ ọ̀rọ̀ mi. Ọdún mẹ́rin ni mo fi gun Gold Wing 1800, tòkunbọ̀ bí èyí tó o rí yẹn, mo sì tà á. Shadow Aero, irú Shadow 750 kan, ló wà lábẹ́ mi báyìí, ó ti lé lọ́dún mẹ́ta. Owó mi ni mo fi ra méjèèjì, èmi kì í ṣe oníṣòwò máṣíìnì.

Wàá ti máa gbọ́ ohun táwọn èèyàn ń sọ. Apá kan á ní ra ńlá lẹ́ẹ̀kan kó o sinmi, pé ńlá ló ń dúró lójú títì, atẹ́gùn tírélà ò ní gbọ̀n ẹ́ nù, ẹ̀yìn ò ní dùn ẹ́. Apá kejì á ní Àbújá ti di gósìlò, ra kékeré kó o lè máa yọ́ gba àárín mọ́tò kọjá. Òótọ́ ni tọ̀tún-tòsì ń sọ, ìyẹn gan-an ni ò jẹ́ kí àríyànjiyàn yìí tán. Ṣùgbọ́n wò ó dáadáa, bí máṣíìnì ṣe ń ṣe tó bá ń sáré ni gbogbo wọn ń sọ. Èmi ní kó o bi ara ẹ bó ṣe máa rí tí ò bá sáré, nígbà tó o bá ti gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lélẹ̀ níwájú gẹ́ètì tí mègáàdì ń wá kọ́kọ́rọ́ tí ò rí. Ibẹ̀ lo ti máa mọ ohun tó o rà.

Àpò sìmẹ́ńtì kan, kílò 50 ni. Bajaj tó o gùn n'Ílọrin, ká ní àpò méjì àti díẹ̀. Shadow 750, bí àpò márùn-ún. Gold Wing 2008 yẹn, tó o bá rọ epo kún un, ó lé ní àpò mẹ́jọ. Kò tíì sí ìyàwó lẹ́yìn ẹ̀ o, kò sí gààrí, kò sí ẹrù kankan nínú bọ́ọ̀sì. Àwọn èyí tí Honda tún ṣe láti 2018 fúyẹ́ díẹ̀, ó ń lọ sí bíi kílò 380, ṣùgbọ́n owó ìyẹn, ká má tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

* * *

Àwọn tó ń ka ọ̀rọ̀ wa níbí ní kí n sọ ìdí tí mo fi ta Gold Wing mi. Ó dáa.

Ilé epo kan ni, nítòsí Zuba, mò ń ti Kaduna bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú kan, oòrùn ti ń wọ̀. Mo rọ epo tán, mo sanwó, mo sún síwájú díẹ̀ kí mọ́tò tó wà lẹ́yìn mi lè ráyè. Mo tẹ bíréèkì, mo gbé ẹsẹ̀ òsì lélẹ̀. Dísẹ́ẹ̀lì ti dà síbẹ̀, ojú ilẹ̀ ń dán bí àwo, mi ò rí i torí oòrùn ń ta sí mi lójú. Bàtà mi yọ̀. Kì í ṣe pé mò ń sáré o, èèyàn tó ń rìn lọ ra búrẹ́dì yára jù mí lọ. Mo rí i pé ó ń lọ, mo fa ọwọ́ ẹ̀, mo fi itan tì í, ṣùgbọ́n tó bá ti fì kọjá ibì kan báyìí kò sí alágbára tó máa dá a padà, ńṣe ló rọra sùn sílẹ̀ bíi màlúù tó rẹ̀. Àyà mi ń lù kìkì. Mo dúró tì í pẹ̀lú hẹ́límẹ́ẹ̀tì lórí, gbogbo ìlà epo ń wò mí.

Ó ní irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó gbà á dúró, máṣíìnì ò bàjẹ́. Ojú mi ló bàjẹ́.

Àwọn ọmọ tó ń ta omi inú ọ̀rá ló sáré wá, mẹ́rin, "sannu Alhaji, sannu," ọ̀kan di díńgí mú, ọ̀kan di ìdérí bọ́ọ̀sì mú, èmi ń pariwo pé kí wọ́n má fa ibẹ̀, á já, wọn ò gbọ́ ohun tí mò ń sọ, èmi náà ò gbọ́ tiwọn. A gbé e dìde ṣá. Mo fún wọn lówó, mo gun ún délé, mi ò tan rédíò.

Mo wá lọ kọ́ bí ẹnì kan ṣoṣo ṣe ń gbé e, kí ìwọ náà kọ́ ọ, ńlá lo rà o, kékeré lo rà o. Pa ẹ́njìnì. Fi sí jíà kí táyà má baà yí. Tó bá jẹ́ apá ọ̀tún ló sùn sí, kọ́kọ́ na sítáńdì ẹ̀gbẹ́ òsì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wàá gbé e tán, á gba ọ̀hún ṣubú. Yí ọwọ́ ẹ̀ sí ìhà ilẹ̀ títí dé òpin. Wá kẹ́yìn sí i, fi ìdí ti àga, ọwọ́ kan lórí ọwọ́ máṣíìnì tó wà nísàlẹ̀, ọwọ́ kejì níbi irin tó lágbára lẹ́yìn, kó o máa fi ẹsẹ̀ rìn sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Itan ló ń gbé e, kì í ṣe ẹ̀yìn. Shadow ti sùn lé mi lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan nínú kọ́ńpáúǹdì, mo gbé e bẹ́ẹ̀, mo làágùn, ó tán. Gold Wing, mo gbé e bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, odidi ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń di ògiri mú kí n tó dìde lórí àga.

* * *

Ẹni tó ní "ṣebí ó ní rìfáàsì", bẹ́ẹ̀ ni, ó ní i. Láti ìgbà tí Gold Wing 1500, tó ṣáájú 1800, ti jáde ní 1988 ni Gold Wing ti ní rìfáàsì. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe jẹ́: lórí èyí tá à ń sọ yìí, stáàtà ló ń yí táyà ẹ̀yìn, bátìrì ló ń jẹ, ìrìn ìjàpá ni. Lórí kọnkéré tàbí táìlì, ó dùn, mi ò ní parọ́, àwọn ọmọdé á máa pàtẹ́wọ́. Lórí yangí tó ní òkúta wẹ́wẹ́, bí iwájú ilé mi ní Lugbe nígbà yẹn ṣe rí, ìwọ ṣì lo máa di ìwúwo ẹ̀ mú, ẹsẹ̀ ẹ ló sì wà lórí òkúta. Rìfáàsì ò mọ̀ pé nǹkan fẹ́ ṣubú.

Àti àwọn tó ń sọ pé àga ẹ̀ lọ sílẹ̀ gan-an. Ó lọ sílẹ̀ lóòótọ́, sẹ̀ntímítà 74, ẹsẹ̀ ẹni tí ò ga á kan ilẹ̀. Kíkan ilẹ̀ lọ́tọ̀, gbígbé àpò mẹ́jọ dúró lọ́tọ̀.

* * *

Ká padà sọ́dọ̀ ẹni tó béèrè. Ọ̀nà Kubwa yẹn máa ń tan èèyàn. Tó o bá wọ expressway ní kùtù, ọ̀nà tẹ́ lọ gbọọrọ, wàá ní torí ibí yìí ni wọ́n ṣe ṣe Gold Wing. Ṣùgbọ́n ka ìyókù: inú àdúgbò kó o tó já sí títì, gọ́tà tí wọ́n fi pákó bò, bọ́ǹpù tí lánlọ́ọ̀dù kan dá mọ fúnra ẹ̀ tó ga bí ebè iṣu, omi òjò tó bo kòtò tí o ò mọ bó ṣe jìn tó. Lẹ́yìn náà gósìlò oríta Bẹ́gà. Lẹ́yìn náà ibi tí wọ́n ń páàkì sí níbi iṣẹ́ yín, tí mọ́tò ọ̀gá kan máa ti dí ẹ mọ́lé lọ́sàn-án, tí ìwọ á wá máa fi ẹsẹ̀ ti máṣíìnì sọ́tùn-ún sósì kó o tó lè jáde. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ nìyẹn, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. Ìlọrin ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún.

Ní ti yíyọ́ gba àárín mọ́tò, Gold Wing fẹ̀ tó sẹ̀ntímítà 94 pẹ̀lú bọ́ọ̀sì ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Bọ́ọ̀sì yẹn ò sì ṣeé tú sílé bí àpò. Mo ti dúró sẹ́yìn Golf kan ní Nyanya tí kẹ̀kẹ́ Napep ń gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, tó tún ń fi fèrè kí mi.

Ooru ńkọ́? Oṣù kẹta sí ìkẹrin, gbogbo ẹ̀ ló gbóná, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tàn yín. Gold Wing ń fẹ́ ooru sí ojúgun nínú gósìlò. Shadow ní rédíétọ̀ àti fáànù, ẹ́njìnì ẹ̀ kì í hó, àmọ́ itan ọ̀tún rẹ á mọ̀ ọ́n lára. Yamaha V-Star 650 tí àwọn kan ń pè síbí, atẹ́gùn nìkan ló ń tù ú, kò ní fáànù, tí gósìlò bá di wákàtí kan inú ẹni tó ń gbọ́ ìró ẹ́njìnì ò ní balẹ̀.

Ẹni tó béèrè bóyá wọn ò ní gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ torí wọ́n ti fòfin de ọ̀kadà: òfin ọdún 2006 nígbà El-Rufai, ọ̀kadà tó ń gbé èrò nínú ìlú ni wọ́n ń lé. Ní nọ́ńbà, ní ìwé kọ́sítọ̀mù tó pé, ní láísẹ́ǹsì tó ní A lára, dé hẹ́límẹ́ẹ̀tì, ìwọ àti ẹni tó o gbé. Ìwé kọ́sítọ̀mù yẹn gan-an ni kó o tẹnu mọ́, kì í ṣe "ó wà lọ́wọ́ bọ̀dá mi n'Ékòó, wọ́n ń fi ránṣẹ́."

* * *

Ẹnì kan ti ń bínú pé mò ń ba Gold Wing lórúkọ jẹ́. Rárá o. Ẹ jẹ́ kí n sọ tiẹ̀.

Oṣù Kejìlá kan, èmi àti ìyá ilé mi, Àbújá sí Ìlọrin. A kúrò ní aago mẹ́fà àárọ̀, ọyẹ́ ti bo òkúta Zuma tí ò fi hàn rárá. Gwagwalada, Abaji, Koton Karfe, afárá Jamata, Lọ́kọ́ja. Ẹ ṣáà mọ ọ̀nà Lọ́kọ́ja yẹn, tírélà níwájú, táńkà lẹ́yìn, tí tírélà bá pàdé rẹ lórí eré atẹ́gùn ẹ̀ á gbá ẹ láyà bí ìgbà tí wọ́n fi mátíráàsì lù ẹ́. Lórí Gold Wing, díńgí iwájú yẹn, gíláàsì ńlá tó ń dá atẹ́gùn dúró, gba gbogbo ẹ̀, mo kàn rí i pé koríko ẹ̀gbẹ́ títì ń tẹ̀ ni. Sìlíńdà mẹ́fà, ẹ́njìnì ò pariwo, mo fi sí jíà karùn-ún mo gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀. A yà sí Ọbájánà, a gun ọ̀nà kọnkéré tó já sí Kàbà yẹn, kìlómítà 43, tó tẹ́ bí ojú tábìlì. Mo bá ìyàwó mi sọ̀rọ̀, kò dáhùn. Mo tún sọ ọ́. Mo wo díńgí: obìnrin yìí ti sùn lọ! Orí ẹ̀ ń mì lórí ìfẹ̀yìntì, ẹnu ẹ̀ ṣí díẹ̀ nínú hẹ́límẹ́ẹ̀tì. Mo jí i ká tó dé Kàbà torí ẹ̀rù bà mí. Mopà, Isánlú, Ẹ̀gbẹ̀, Èrúkù, Òmù-Àrán, Àjàṣẹ́, ó délé ó wọ ilé ìdáná lọ, kò tiẹ̀ na ẹ̀yìn.

Epo tí mo rọ ní Gwagwalada, ó gbé mi kọjá Kàbà. Táńkì ẹ̀ gba lítà 25.

Ọdún tó tẹ̀ lé e mo fi Shadow gbé e lọ ní ọ̀nà kan náà. Ní Abaji ó ní ṣé a ti fẹ́ dé. Ní Lọ́kọ́ja, tí mo dúró rọ epo torí táńkì ò ju bíi lítà 14, ó bọ́ sílẹ̀, ó di ìbàdí mú, ó wo mí, kò sọ nǹkan kan. Mo ti gbé e níyàwó ọdún 19, mo mọ ohun tí ìwò yẹn túmọ̀ sí. Ó wọ mọ́tò ní gáréèjì Lọ́kọ́ja, èmi nìkan mo gun tèmi dé Ìlọrin. Sípírìń ẹ̀yìn Shadow ò rìn ju bíi sẹ̀ntímítà mẹ́sàn-án lọ, ẹsẹ̀ ẹ sì wà níwájú, nítorí náà gbogbo kòtò tó o bá wọ̀, eegun ẹ̀yìn ẹ tààrà ló ń gbà á. Ọrùn mi náà dùn mí, nítorí kò ní díńgí iwájú nígbà yẹn, àyà mi ni mo fi ń la atẹ́gùn.

Nítorí náà àwọn tó ní ńlá ló mọ ọ̀nà jíjìn, ẹ jàre. Mi ò bá yín jà lórí ìyẹn láéláé. Ohun tí mò ń sọ ni pé ọjọ́ mélòó ló wà nínú ọdún?

* * *

Ọ̀rọ̀ mẹkáníìkì, ibí yìí ni kẹ́ ẹ ti fetí sílẹ̀.

Ọyẹ́ àríwá kì í ṣe ọyẹ́ Ìbàdàn. Eruku yẹn dà bí àtíkè, á wọ inú fíítà, asẹ́ tó ń sẹ́ atẹ́gùn tí ẹ́njìnì ń mí. Lórí Shadow Aero, fíítà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́njìnì lábẹ́ ìdérí dídán kan, síkúrúù díẹ̀, mo tú u fúnra mi níwájú ilé kí omi tíì tó hó. Lórí Gold Wing àtijọ́, abẹ́ pálásítíìkì òkè ló wà, wàá tú àga, wàá tú ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ẹ̀gbẹ́ òsì, ìdérí òkè pátá kó o tó rí i. Mo gbé e lọ fún ọmọ kan tó ní òun mọ̀ ọ́n, láàárọ̀ ló bẹ̀rẹ̀, ìrọ̀lẹ́ ni mo gbà á, síkúrúù mẹ́ta kù nínú abọ́ ẹ̀. Mo bi í pé ibo ni ti mẹ́ta yìí. Ó ní "Oga, e no need am." Láti ọjọ́ yẹn ni ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ti ń dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ tó bá kan bọ́ǹpù.

Ṣéènì àti eruku, ọ̀tá ni wọ́n. Gold Wing ń lo ṣáfùtì, irin tó ń yí táyà ẹ̀yìn dípò ṣéènì. Shadow Aero ń lo ṣáfùtì, Phantom náà bẹ́ẹ̀. Àmọ́ Shadow kì í ṣe Shadow kan náà o: Spirit 750 tó jáde láti 2007, ṣéènì ló ń lò, táyà iwájú ẹ̀ sì tín-ín-rín. Honda Rebel 500 àti Kawasaki Vulcan S, ṣéènì. Harley tó pọ̀ jù, bẹ́líìtì. Kò sóhun tó burú nínú ṣéènì tó o bá máa nù ún tó o máa fi ọ́ìlì sí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ṣùgbọ́n bá ara ẹ sọ òótọ́, ṣé wàá ṣe é?

Ẹni tó ní kó ra Harley ńlá, epo tí Harley ní kí wọ́n rọ sínú àwọn yẹn ga ju epo tá à ń rà nílé epo wa yìí lọ. Tí oòrùn bá mú, tó o bá gbé èèyàn, tó o wá ń gun òkè, wàá gbọ́ ẹ́njìnì tó ń dún bíi kó o da ìṣó sínú agolo. Gold Wing ò ní ìṣòro yẹn, epo lásán ló ń mu.

Àti pé epo kọ́ ni ìyàtọ̀ tí gbogbo èèyàn ń fi pariwo látìgbà tí owó ìrànwọ́ ti lọ ní 2023. Ìṣirò mi rèé: àlọ àtàbọ̀ Kubwa, ká ní kìlómítà 55, ọjọ́ márùn-ún, 275. Gold Wing mi ń ṣe bíi 15 sí lítà kan nínú ìlú, Shadow ń ṣe bíi 20. Lítà 18 sí lítà 14. Lítà mẹ́rin lọ́sẹ̀ ò lè sọ ẹni tó lè ra Gold Wing di tálákà. Táyà ló ń jẹ owó. Táyà ẹ̀yìn Gold Wing, 180/60 R16, lọ wá a kiri Àbújá kó o wá sọ fún mi. Èkó ni mo ti máa ń fi ránṣẹ́ ra tèmi, mo sì tún ní láti wá fọgannáísà tí ò ní fi irin gún rímù.

* * *

Ẹ̀gbọ́n tó kọ ọ́ pé kó fi méjèèjì sílẹ̀ kó ra BMW GS, kì í ṣe ohun tó béèrè nìyẹn, àmọ́ mi ò lè pè yín ní òpùrọ́. Fún ọ̀nà wa, sípírìń tó ga ló bá a mu. Ṣùgbọ́n àga ẹ̀ ga tó sẹ̀ntímítà 85, ẹni tó ń ti orí Bajaj bọ̀ á máa fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ wá ilẹ̀. Ẹ jẹ́ ó kọ́kọ́ ra ọ̀kan nínú ohun tó fẹ́ràn.

* * *

Ó ku ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ tó ní wàá tà á kí ọdún tó yí po. Ibi tí wọ́n ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, orí máṣíìnì kékeré bíi 250 ni wọ́n ti ń sọ ọ́, bóyá òótọ́ ni níbẹ̀. 750 kì í ṣe ohun ìṣeré. Ó ń sáré 120 láì gbọ̀n, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìwọ náà ò sì ní ohun tó o fẹ́ fi jù bẹ́ẹ̀ ṣe lójú ọ̀nà tí ewúrẹ́ ti ń sọdá. Ká tiẹ̀ ní o tà á, kí ló burú ńbẹ̀? Shadow tí mo gbé síta fún ẹ̀gbọ́n mi kan, ọjọ́ Jímọ̀ ni mo gbé e síta, Sátidé ni Mallam kan láti Minna wá sanwó. Gold Wing mi, oṣù márùn-ún. Gbogbo ẹni tó bá wá, á jókòó lé e, á ya fọ́tò, á ní "ẹ̀gbọ́n, mò ń bọ̀." Ẹnì kan tiẹ̀ mú aya àfẹ́sọ́nà ẹ̀ wá ya fọ́tò.

Ohun tí mo fẹ́ kó o ṣe nìyí, ó ju gbogbo àlàyé mi lọ. Lọ síbi tí máṣíìnì méjèèjì wà. Wọ bàtà tó o fi ń lọ síbi iṣẹ́. Jẹ́ kí ẹ́njìnì wà ní pípa. Wá ibi tó dagun díẹ̀, kódà kó jẹ́ bí etí gọ́tà, kọ imú máṣíìnì sísàlẹ̀, kó o wá fi ẹsẹ̀ tì í sẹ́yìn jáde. Lẹ́yìn náà yí i po nínú ọ̀nà tí ò fẹ̀ ju ti àdúgbò yín lọ, láìsí ẹni tó ń ràn ẹ́ lọ́wọ́. Èyí tó o bá lè ṣe é fún láì mí hẹlẹ, ra ìyẹn. Gbé ìyàwó ẹ lọ.

* * *

Ẹ̀gbọ́n, mo ti lọ o. A lọ lánàá, èmi àti ìyàwó mi. Mo kọ imú Gold Wing sísàlẹ̀ níwájú ilé ẹni tó ń tà á, ó ní kí n lo rìfáàsì, mo ní rárá, wọ́n ní kí n fi ẹsẹ̀ tì í. Mo tì í, kò mira. Mo tún tì í, ó sún bí ìka kan, ó tún padà síbi tó wà. Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ẹni tó ń tà á ló wá fi rìfáàsì gbé e jáde fún mi. Shadow, mo tì í jáde, mo yí i po, ó ṣe mí bíi pé iṣẹ́ ni, àmọ́ mo ṣe é. Ìyàwó mi ní òun ti gbà, kí n ra èyí, pé òun á máa wọ mọ́tò lọ Ìlọrin, kí n máa pàdé òun ní oríta Àjàṣẹ́ kí àwọn ará ilé lè rò pé orí ẹ̀ la jọ gùn wá. Mo wo abẹ́ máṣíìnì náà, ṣáfùtì ni. Ìwé kọ́sítọ̀mù ńbẹ, mo ti ya fọ́tò ẹ̀. Ẹni tó ń tà á ní táyà "ṣì tuntun," pé bátánì (ìlà ojú táyà) ẹ̀ ò tíì jẹ.

* * *

Kú oríire, àbúrò, kí madam máa bá wa mú sùúrù. Fi ìfẹ̀yìntì àti àga tó fẹ̀ sí ẹ̀yìn fún un kó o tó dé oṣù Kejìlá, kó o fi díńgí iwájú sí i fún ara ẹ, wàá rí i pé kò ní jẹ́ oríta Àjàṣẹ́ mọ́, bóyá Lọ́kọ́ja.

Ṣùgbọ́n má tíì san gbogbo owó. Bátánì kọ́ là ń wò. Wo ẹ̀gbẹ́ táyà, wàá rí DOT, tẹ̀ lé e títí dé ìparí, nọ́ńbà mẹ́rin wà níbẹ̀. Méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì tó gbẹ̀yìn ni ọdún. Tó o bá rí 1409, a jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá 2009 ni wọ́n ṣe é, òun náà ló bá máṣíìnì náà wọkọ̀ ojú omi wá, ó sì ti gan bí awọ ìlù. Kà á fún mi, iwájú àti ẹ̀yìn.

* * *

Ẹ̀yìn 3311. Iwájú 1016.

* * *

Yọ owó táyà méjèèjì kúrò nínú iye tó pè. 120/90-17 níwájú, 160/80-15 lẹ́yìn, kọ ọ́ sínú ìwé kó o fi hàn án, má jẹ́ kó fi ẹ̀rín bò ó. Tó bá kọ̀, fi iwájú sílẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n ti ẹ̀yìn yẹn, má fi gun kọjá ọ̀dọ̀ fọgannáísà. Tó o bá ti pààrọ̀ ẹ̀, Sátidé aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, Bẹ́gà ò tíì kún, màá dúró dè ẹ́ ká jọ gùn dé Abaji ká padà. Wọ bàtà tó bo ọrùn ẹsẹ̀.